Ààrò Bàbá Mi Létí Adágún

Òpin oṣù Ọ̀wàrà ni, ní Dúlúùtù.
Yìnyín ò tíì dé, ṣùgbọ́n ó ti ránṣẹ́.
Arvid, bàbá mi, jókòó sórí àga oníkáńfáàsì,
bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, fìlà onírun bo etí.
Ó ní, "Britta, a kì í da aṣọ bo ìdọ̀tí.
Fọ ààrò náà kí òjò dídì tó dé."

Ọdún méjìdínlógójì ló fi da òkúta irin sínú ọkọ̀ ní èbúté;
eruku pupa ṣì wà nínú ìlà ọwọ́ rẹ̀.
Ọwọ́ náà ló wá ń gbọ̀n bí ewé báyìí,
ẹnu ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́,
èmi ni ọwọ́.

Mo tan gáàsì, ọ̀rá tó ti gan jóná di eérú.
Mo pa á, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀pá ìyan-ẹran.
"Fi aṣọ nù ún! Fọ́nrán irin kan ṣoṣo
tó bá já sórí ẹran, ọ̀fun èèyàn ló ń lọ."
Mo nù ún. Mo fa àwo ìsàlẹ̀ yọ:
ọ̀rá dúdú, ó nípọn bí ọ̀dà,
gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wa ló dì síbẹ̀,
sọ́sééjì ọjọ́ ìbí Nils,
ẹja tí ẹnikẹ́ni ò jẹ.

Nígbà tí mo dé ara ìdérí, ó pariwo:
"Má fi yípo! Irin náà ní ọ̀nà tó ń tọ̀.
Tẹ̀lé e, bí ẹni ń ya irun ọmọdé."
Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n pè é nígbà tó rà á.
Àmì pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì, kò ju ẹyin èèrà lọ.
"Kò sírú irin bẹ́ẹ̀," bàbá mi ní,
"èyí tó ń lọ́ra ló wà."

Aláǹtakùn ti kọ́lé sẹ́nu ihò gáàsì.
"Má pa á. Òórùn gáàsì ní ń pè wọ́n."
Mo gbé e sórí òkìtì igi ìdáná.

Ó ku ọṣẹ.
Mo pò ó mọ́ omi, mo fi tọ́ rọ́bà gáàsì,
mo ṣí i díẹ̀.
Lọ́rùn rọ́bà, ìfófòó kan yọjú,
ó wú, ó wú, ó bẹ́.
Òmíràn wú.
Mo tẹrí ba, ó gbá mi nímú bí ẹyin jíjẹrà.
"Bàbá, ẹ ò gbọ́ òórùn yìí ni?"

Ó ń wo adágún. Ọkọ̀ gígùn kan fọn fèrè lọ́nà jíjìn.
"Láti ìgbà àìsàn èṣí," ó ní.
"Kọfí, ẹran, aṣọ ìyá rẹ nínú àpótí,
gbogbo wọn ti dákẹ́."

Bẹ́ẹ̀ òun ló dúró ti ààrò yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,
tó ń gbé imú sókè bí tiwa,
tó ń ní, "Ó ń ta sánsán!"

Mo ti gáàsì pa. Mo tú rọ́bà, mo kó o dànù.
Mo kọ rọ́bà tuntun sábẹ́ mílíìkì nínú ìwé ọjà,
mo tún kọ agogo tí ń ké bí gáàsì bá ń jò.
Mi ò sọ̀rọ̀. Mo fi òróró díẹ̀ pa irin náà lára,
mo tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ láti òkè délẹ̀,
mo da aṣọ bò ó.

Ìgbà náà ló béèrè, jẹ́jẹ́:
"Òórùn wo ni adágún ń mú wá lónìí?"
Mo gbé imú sókè.
Mo ń wá ọ̀rọ̀.