Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbá A

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ṣọ́ àwọ̀n Ìkẹ́rẹ́,
láàrin òpó méjì tí wọ́n ń kùn lọ́dà lọ́dọọdún.
Kò sẹ́ni tó kun èmi.
Orúnkún ọ̀tún mi ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀
kí Olósùnta tó fi kùrukùru borí.

Nígbà tí mo dé, Fálúyì ló wà níbẹ̀.
Mo gbé bàtà rẹ̀, mo fọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀,
mo ra ẹ̀pà fún un ní gáréèjì,
mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí pẹnáritì ń gbà?"
Ó bó ẹ̀pà, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù,
ó ní, "Ojú ẹni tó fẹ́ gbá a ni kí o máa wò."
Irọ́ ni.
Bọ́ọ̀lù mọ́kànlélógójì ló wọlé lórí mi
kí n tó fi ara mi rí i:
ẹsẹ̀ tí kò gbá a ni à ń wò,
èyí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn án.
Ibi tí ọmọ ìka rẹ̀ bá kọjú sí, ibẹ̀ náà ni.
Ojú lè purọ́,
ṣùgbọ́n òpùrọ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí nǹkan.

Bọ́lárìnwá wá dé láti Ẹ̀fọ̀n,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
apá rẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí a fi ń já ìbẹ́pẹ.
Ó gbé bàtà mi. Ó fọ ìbọ̀wọ́ mi.
Búrẹ́dì lòun rà.
Ó bi mí ní ìbéèrè kan náà,
mo sì ki búrẹ́dì bọ ẹnu kí ẹnu má baà ṣòfo.

Ìbídùn ìyàwó mi ní, "Ẹni tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gba àga òun,
ilẹ̀ ni yóò jókòó sí."
Owó ilé-ìwé ọmọ kò tíì pé.
Kóòṣì ní kò sí nínú ìwé àdéhùn mi:
bọ́ọ̀lù ni wọ́n ní kí n mú, wọn ò ní kí n mú ọmọ dání.
Ìyá mi ń gún uyán lọ́wọ́, kò gbójú sókè:
"Odó tó bá gbó, a dojú rẹ̀ délẹ̀, a jókòó lé e.
Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó bá odó tuntun jà."
Mo jẹ uyán náà tán. Mo dákẹ́.

Ọjọ́ tí àwọn Ọ̀wọ̀ wá bá wa,
orúnkún mi já bí okùn kànga.
Wọ́n gbé mi jáde, ọmọ náà wọlé,
ó ku ìṣẹ́jú méjì, fèrè dún: pẹnáritì.
Láti orí bẹ́ńṣì, mo rí ohun tó ń wò.
Ojú ni.
Irọ́ Fálúyì, tí mo fi ìdákẹ́ gbé lé e lọ́wọ́.
Ó fò sọ́tùn-ún. Bọ́ọ̀lù rọra gba òsì wọlé
bí àlejò tó mọlé.

Kí n sọ òótọ́: nǹkan kan dùn mọ́ mi,
ó kéré bí iyọ̀ lórí ahọ́n.
Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń fi bàbá rẹ̀ bú u.
Mo wá omi tí mo máa fi yọnu, mi ò rí.

Ní ìdájí Mọ́ńdè, mo fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.
"Dìde. Mú ìbọ̀wọ́."
Ìrì ti rẹ koríko, Olósùnta kò tíì ṣíjú.
Mo ju ọ̀pá sílẹ̀,
mo fi ẹsẹ̀ burúkú dúró, mo fi èyí tó dáa gbá a.
"Má wo ojú mi. Kò sí òótọ́ níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ni kí o wò."
Nínú mẹ́wàá, ó mú mẹ́ta.
Nínú mẹ́wàá, ó mú mẹ́fà.

Ká ní orúnkún mi ṣì le ńkọ́, ṣé mo máa kọ́ ọ?
Ìbídùn ti bi mí. Ẹ̀yin ẹ má bi mí.

Ó gba èyí tó kẹ́yìn mọ́ àyà, ó ń mí gúlegúle,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín?"
Mo ní, "Bọ́ọ̀lù mọ́kànlélógójì.
Tìrẹ ti wọlé ní ẹyọ kan. Ó tó.
Jù ú padà wá."