Agolo Abẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Owó Údójì ni bàbá mi fi ra Họ́ńdà náà,
táǹkì rẹ̀ pupa bí iṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.
Wolé-wolé ni wọ́n. Láti Ìtòkò dé Ìjẹmọ,
bí àdúgbò bá ti gbọ́ pùpùpù rẹ̀ lókè,
àwọn ìyálé a sáré bo ẹnu àmù.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí Bàbá ti lọ.
Alùpùpù ò lọ. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jò.
Màmá gbé agolo mílíìkì sábẹ́ rẹ̀,
lálaalẹ́ ni wọ́n ń gbé e sí i,
láràárọ̀ ni wọ́n ń dà á nù
sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kò so mọ́.

Lọ́dún yìí mo ní ó tó.
Mo tì í gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìkìjà sọ̀kalẹ̀, búréèkì ò mú,
títí dé ọ̀dọ̀ Súárà lẹ́bàá ojú irin Láfẹ́nwá.
Súárà yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó gbóòórùn ìka.
"Epo máa ń rìn kó tó já bọ́.
Ibi tó ti já bọ́ lo mọ̀, o ò tíì mọ ilé rẹ̀."

A fi kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́, a fi búrọ́ọ̀ṣì eyín ha egungun ìhà rẹ̀,
ìdọ̀tí yọ́ wá sílẹ̀, ó dúdú bí àdín.
A nù ún gbẹ. Ó ní, "Páúdà dà?"
Ti Màmá ni mo lọ mú, èyí tí wọ́n ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ Ìsinmi,
a gbọ̀n ọ́n sí ẹ́ńjìnnì lára
bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wúkọ́.
Nígbà kẹfà ó ké: pù, pù, pùpùpù,
ìyá àgbà kan ní òdìkejì títì
ṣàdédé nawọ́ bo àmù rẹ̀.

Ìgbà náà la rí i: ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ipa omijé nínú páúdà,
láti etí ìdérí apá ọ̀tún.

Bóòtù mẹ́jọ. Ọ̀kan ṣorí kunkun, a fi òòlù bẹ̀ ẹ́.
Gásíkẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kì í ṣe ti Jàpáàn.
Ìwé ni. Ìwé iṣẹ́ wolé-wolé ni Bàbá gé,
ìkọ̀wé wọn ṣì wà lójú rẹ̀, epo ti sọ ọ́ di gíláàsì.
Mo gbé e sókè síwájú oòrùn, mo kà á:
*Ìtòkò. Ilé kejìlá. Àmù méjì. Ìdin wà.*
*A kìlọ̀ fún*
Níbẹ̀ ni ihò bóòtù ti jẹ ìyókù.

Súárà ò sọ nǹkan kan. Ó ya páálí bàtà,
ó tẹ́ ẹ lé ẹnu ẹ́ńjìnnì, ó ń fi òòlù kékeré lù ú létí, kọ́, kọ́, kọ́,
irin fúnra rẹ̀ ló ń gé ohun tó bá a mu.
Ó fún mi ní òòlù. "Jẹ́jẹ́.
Kì í ṣe ìṣó lò ń kàn."
Ìwé Bàbá wà lápò mi. Kí n tó délé
ó ti ya àwòrán ara rẹ̀ sí mi nítan.

Lálẹ́, Màmá gbé agolo wọn sábẹ́ rẹ̀. N ò dá wọn dúró.
Ní ìdájí mo gbọ́ tí wọ́n gbọn agolo.
Wọ́n tún un gbọ̀n.
"Ṣé epo ṣì wà nínú rẹ̀ ṣá?"

Mo fa ọ̀pá ìwọnpo yọ, mo gbé e sítòsí àtùpà:
àwọ̀ oyin, ó dúró lójú àmì.
Wọ́n fi ìka kàn án. Wọn ò nu ìka náà nù.
Wọ́n rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn tí Bàbá máa ń gbà wọlé,
wọ́n fi pa àgbékọ́ rẹ̀, tòkè, tìsàlẹ̀,
wọ́n ṣí i, wọ́n tì í.
Kò dún.