Nọ́ńbà Ìyàgò

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé wa ní Wínípẹ́ẹ̀gì,
ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná,
níbi tí mo ti ń ká aṣọ nọ́ọ̀sì mi tó gbẹ.
Ọwọ́ mẹ́rin péré ni ọpọlọ rẹ̀ ní.
Gbogbo ilé la sì ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbídùn ń ya ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́,
ó fẹ́ kí ẹ̀rọ kun oòrùn sí fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ládépò ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ kan tó wà ní Hálífáàsì.
Bàbá wọn ṣí ìwé owó-orí sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kò tíì kọ nǹkan kan sí i.
Lókè, nínú yàrá tó kọjú sí òpópó,
Ìyá Àgbà ń wo fídíò.

Kì í ṣe fídíò ọjà. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ni,
tó fi ìró we, tó gbé wá láti Ìkìrun nínú báàgì ọwọ́,
tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e ní pápákọ̀ òfurufú Tòróńtò.
Oṣù méjì ni mo fi dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà,
tí mo kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa bù wọ́n lọ sókè
díẹ̀díẹ̀, gba inú afẹ́fẹ́, dé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí Ìbídùn bá ti ní kí ẹ̀rọ máa kùn báyìí,
ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sáré lọ bá a.
Lókè, àwòrán á kọsẹ̀.
Ọkọ Ìyá Àgbà, níwájú àwọn òbí ilé-ìwé rẹ̀,
ọ̀rọ̀ á há sí i lẹ́nu:
"Ẹ jó— ẹ jókò— ẹ jó—"

Fúnra mi ni mo wádìí rẹ̀, láwọn àárọ̀ tí mo ti iṣẹ́ òru dé
tí oorun sì kọ̀ mí:
ẹ̀rọ náà ní nọ́ńbà kan tó fi ń pín agbára.
Nọ́ńbà ìyàgò ni mo ń pè é.
Iṣẹ́ tí tirẹ̀ bá ga, òun ni onísùúrù,
òun ni yóò dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ pọn omi.
Èyí tí tirẹ̀ bá wálẹ̀ kọjá òdo,
bí òtútù ìta wa ní oṣù kìíní,
kò sẹ́ni tí í dúró níwájú rẹ̀.

Mo fún Ìbídùn ní mẹ́wàá. Ó bínú fún ọjọ́ méjì.
Mo fún gêmù Ládépò ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún;
ó ní ṣé òun ni ọmọ ọ̀dọ̀ ilé yìí ni.
Owó-orí, mi ò fọwọ́ kàn án. Ìjọba mọ ọ̀nà ilé wa.
Mo wá fún àwọn kásẹ́ẹ̀tì ní òdo dín márùn-ún,
mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ ọn,
torí ẹ̀rọ kì í gbà ká gbé ẹnikẹ́ni ga
àfi tí onílé bá fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, fídíò ń ṣàn bí òróró.
Mo gòkè lọ gba ìyìn mi.
Ìyá Àgbà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ le.

"Ìyàwó, kí lo ṣe sí i?"
"Mo tún un ṣe ni, mà."
"Ó ń sáré jù.
Tẹ́lẹ̀, bó bá há, á dúró dè mí.
Mo rí àpá kan lẹ́bàá etí rẹ̀,
mo ti gbàgbé pé ó ní àpá.
Bó ṣe ń lọ yìí, bó ṣe lọ nígbà yẹn náà nìyẹn."

Mo fi bọ́tìnì ìdádúró hàn án.
Ó yí rìmóòtù náà wò, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ padà.
"Èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi dá dúró,
èmi náà ni màá ní kó máa lọ."

Mo sọ̀ kalẹ̀.
Mo tẹ mọ́kàndínlógún, kò sí onísùúrù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ìbídùn gbé ojú sókè láti ibi ilé rẹ̀ tí kò ní oòrùn.
"Mọ́mì, ṣé kí n kùn ún?"

Mo ní, kùn ún.
Lókè, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé ká jókòó,
kò sì parí rẹ̀.