Ọ̀rọ̀ Tó Jẹyọ

Àga méje ló yí tábìlì ká ní yàrá òkè.
Ẹ̀kẹjọ, lẹ́bàá fèrèsé, tèmi ni,
èmi akọ̀wé tí kò ní ìbò.
Láti ibẹ̀ ni mo ti ń rí àpáta Kàbà nínú ọyẹ́,
bí ẹni tó faṣọ bo orí sùn,
mo sì ń rí àgbàlá níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ́ kajú.
Epo inú èèpo rẹ̀ ti jó ìka wọn dúdú.
Ìdajì wọn ló ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yìí:
owó iṣu ọdún kan, owó àjọ,
owó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ.
Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, lábẹ́ ìrọ̀rí.

Alága dé. "Okun o." A dáhùn.
Ó gbàdúrà. Àdúrà náà gùn ju ìṣirò owó lọ.
Wọ́n pín máàtì, wọ́n pín mítípáì,
ọ̀gá àgbà ka ìwé rẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀:
jẹnẹrétọ̀ tuntun, mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún,
ẹni tí yóò tà á fún wa ti wà nílẹ̀.
(Àna rẹ̀ ni. Gbogbo wa la mọ̀.
N kò kọ ìyẹn sílẹ̀,
nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́.)
"Ṣé a fọwọ́ sí i?"
Orí ń mì bí ọkà bàbà nínú afẹ́fẹ́.

Àfi Ìyá Ọ̀tìtọ́jù,
nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì ní Ìsánlú,
tó ti ń wo igò máàtì rẹ̀ láti àárọ̀ láì ṣí i.
"Èyí àtijọ́ ńkọ́?
Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí a rà á.
Ta ló gbé e? Èló la tà á?"

Fáànù ń yí. Ẹnìkan wúkọ́.
Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́milóhùn, lọ́yà wa, ń wo bàtà ara rẹ̀.
Alága rẹ́rìn-ín: "Mámà, ìdílé kan ni wá níbí.
Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kékeré ba àárọ̀ jẹ́."

"Ìdílé ni wá," ni màmá wí,
"ṣùgbọ́n owó yìí kì í ṣe tiwa.
Wọ́n ní ká máa bá wọn ṣọ́ ọ ni.
Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, bí mo bá fẹ́ gba iṣẹ́ alẹ́,
màá ka aláìsàn lórí ibùsùn lọ́kọ̀ọ̀kan
kí n tó buwọ́ lùwé,
bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló fẹ́ relé.
Ẹ fọwọ́ sí i bó bá wù yín. Mẹ́fà ju ọ̀kan lọ.
Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo béèrè."

Bírò mi dúró.
Alága wò mí. Ọ̀gá àgbà wò mí,
òun tó ń sanwó oṣù mi,
ọmọ mi kẹta sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ní Mọ̀pà.
Mo gbójú sí fèrèsé.
Nísàlẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń fi eérú fọ ìka,
eérú tí kò lè mú dúdú yẹn kúrò mọ́.
Mo kọ ọ́. Ìlà kan ààbọ̀.
Ìkọ̀wé mi kò dára lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ra jẹnẹrétọ̀. Ẹ má rò pé ayé yí padà.
Ó ń ké lẹ́yìn ilé báyìí
bí ewúrẹ́ tí wọ́n so gbàgbé.
Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀,
àga méje tún yí tábìlì ká,
mo dìde, mo ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá síta
bí òfin ṣe wí.
Nígbà tí mo dé orí ìlà kan ààbọ̀ yẹn
n kò gbé ohùn sókè, n kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.
"Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kankan jẹyọ nínú rẹ̀?"
ni alága béèrè, kíákíá, bí wọ́n ṣe máa ń béèrè é,
ó sì ti ń ṣí ojú ewé tó kàn
nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́milóhùn
na ọwọ́ sókè, díẹ̀, kò ju etí rẹ̀ lọ.