Oòrùn Inú Àpótí

Oṣù Kọkànlá, oòrùn ti dágbére fún Tromsø,
kò ní yọjú mọ́ títí ọdún tuntun yóò fi gbó díẹ̀.
Aago méjì ọ̀sán, òde dúdú bí ìdí ìkòkò.
Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Sindre, ọmọ ọkọ mi, wọlé,
ọmọ ọdún mọ́kànlá, àpò kan lẹ́yìn,
páálí kan láyà, ó rọra dì í mú bí ẹni gbé ẹyin.
Bàbá rẹ̀ ní, "Torhild, ọmọ dé."
Kò sọ fún mi pé àwọn méjì ló dé.

Ejò ni.
Ejò àgbàdo ni wọ́n ń pè é, kò sì jẹ àgbàdo rí.
Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, ó pọ́n bí irin tó dípẹtà,
ahọ́n rẹ̀ yọ fìrí, ó wọlé fìrí.
Èmi tí mo ti la ikùn ẹja fún ogún ọdún,
tí ọbẹ kò gbọ̀n lọ́wọ́ mi rí létí èbúté,
mo fò sórí àga.
Sindre wò mí. Kò rẹ́rìn-ín.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ méje."
Gbólóhùn kẹta tó bá mi sọ nìyẹn.

A gbé àpótí onígíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri inú,
a da ẹ̀rún igi sí i nísàlẹ̀,
abọ́ omi kan, ibi ìsápamọ́ méjì:
ìdajì ìkòkò òdòdó níbi tó tutù,
páálí bébà ìnura níbi tó gbóná.
Iná kan lókè. Ó wọn ìgbóná rẹ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n, ó mirí.
Yìnyín ń lu fèrèsé.
Ejò yìí nìkan ló ní oòrùn ní gbogbo àdúgbò wa.

Ọjọ́ kìíní, kò jáde. Ọjọ́ kejì, kò jáde.
Ọmọ náà kò jáde pẹ̀lú.
Mo ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀,
mo kan ilẹ̀kùn kó, kó, mo yí padà.
Nígbà mìíràn àwo á ṣófo. Nígbà mìíràn ẹja á tutù síbẹ̀.
Ó wù mí kí n ṣí ìdérí, kí n mọ̀ bóyá ó ń mí.
Ó wù mí kí n ṣí ilẹ̀kùn.
Ọwọ́ mi débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sápò.
Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.
Ta ló bi ejò bóyá ó fẹ́ ẹni tí yóò bá òun rìn?

Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí à á sọmọ lórúkọ,
kò lórúkọ, ebi la rò pé ó ń pa á.
A yọ ọmọ eku nínú fìrísà, kò nírun, bí ẹ̀pà tí a bó,
a rì í sómi gbígbóná nínú ife
tí n kò ní fi mu kọfí mọ́ láéláé.
Sindre fi ẹ̀mú nà án sí i. Ejò gbórí kúrò.
Ojú ọmọ náà dàbí ojú ẹni tí ọkọ̀ ojú omi fi sílẹ̀.
"Bóyá kò fẹ́ràn ibí."
Mo ní, "Ibí ṣì ṣàjèjì sí i ni. Pa iná, jẹ́ ká lọ."
A jókòó ní kíṣìnnì. Mo gé búrẹ́dì, ó gé wàràkàṣì.
Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.
Nígbà tí a padà, eku ti lọ,
kókó kékeré kan wà lọ́rùn ejò, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ìròyìn tí èèyàn kò tíì fẹ́ sọ.

Ọjọ́ méjì sí i, kí oúnjẹ lè dà. A tún kà á.

Oṣù Kìíní, ojú rẹ̀ ṣú bí gíláàsì tí a mí lù.
Mo ní ó ń fọ́jú. Sindre ní awọ ló fẹ́ bọ́,
ó tẹ́ aṣọ tútù sí i, ó ní kí n yéé yọjú.
Ọjọ́ tí oòrùn kọ́kọ́ gbórí sókè lẹ́yìn òkè,
gbogbo àdúgbò sáré jáde lọ wò ó.
Àwa ò jáde.
Ó ní, "Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín."
Mo ti múra sílẹ̀ fún ohun tó ń yọ̀ bí ẹja.
Ó gbẹ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó wé mọ́ ìka mi, ó kọjá lórí òrùka, ó dúró.
"Ẹ mí, Torhild. Ẹ ò mí."
Mo mí.