Abuké Inú Pálọ̀

Mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni àtẹ̀gùn tó gòkè délé wa ní Valparaíso.
Bàbá mi ń kà á sókè
lọ́jọ́ tí ọkùnrin mẹ́rin gbé e bọ̀ láti èbúté,
tí wọ́n fi aṣọ ìbora wé e bí aláìsàn.
Nolberto ló wà nísàlẹ̀, èjìká rẹ̀ ló gba ìwúwo.
Àwọn obìnrin ojú fèrèsé ń pariwo pé ẹrù ti wọ́.
Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀!"

Ìyá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gọngọ,
ó ní, "Abuké lẹ gbé wálé fún mi."
Orúkọ náà mọ́ ọn lára.
Igun pálọ̀ nìkan ló gbà á.
A yí àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà,
láti ọjọ́ náà la ti kẹ̀yìn sí òkun.

Kì í yára jí.
Á kọ́kọ́ kùn bí oyin inú ihò igi,
òórùn eruku gbígbóná á tẹ̀ lé e,
lẹ́yìn náà ohùn,
lẹ́yìn ohùn, ojú.
A máa ń gbọ́ ẹ̀rín kí a tó rí ẹni tó ń rín.

Kókó tí a fi ń yí i já lọ́dún kejì;
ẹ̀mú tí bàbá mi fi ń tún ọkọ̀ ìpẹja ṣe ló rọ́pò rẹ̀.
Èmi sì ni rìmóòtù.
"Fidelina, yí i. Fidelina, dá a padà.
Fidelina, di ẹ̀ríálì yẹn mú, má mí."
Bí mo bá dì í mú, bọ́ọ̀lù á hàn kedere;
bí mo bá fẹ́ yọjú wò ó, á fọ́ yángá.
Gbogbo góòlù ọdún yẹn,
ojú bàbá mi ni mo ti wò wọ́n.

Lálẹ́ tí ilẹ̀ mì, àwo fọ́, aago ògiri já,
ìyá mi gbá èmi àti Ceferino mọ́ra lábẹ́ àtẹ́rígbà.
Nígbà tí iná padà dé, a rí bàbá mi,
ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ Abuké, ó diju.
Ìyá mi ò bá a jà.
Àmọ́ fún ogún ọdún, bí ó bá ti ní iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀,
"Lọ bá ìyàwó rẹ tó níké kó se é."

Fídíò dé, a gbé e gun ẹ̀yìn Abuké,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá tánganran.
Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó Ceferino ṣì wà lọ́wọ́ mi:
ìyàwó na ìka fún òrùka,
agbábọ́ọ̀lù kan sì gbá kọ́nà.
Bàbá mi búra pé òun ò mọ̀ ọ́n mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ítalo ọmọ Ceferino gbé tuntun wá.
Òun nìkan, abẹ́ abíyá ló fi sí,
ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bó ṣe ń gòkè.
Kò ka àtẹ̀gùn.
Ó gbé e kọ́ ògiri. Ó dára, ó mọ́lẹ̀ rokoṣo.
Ibo ni kí n gbé ajá tánganran sí?

Kí àwọn tó wá kó o tó dé, mo tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.
Kò sí ibùdó tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́,
yìnyín nìkan ló ń rọ̀, ṣààà.
Mo fi ọwọ́ lé e lójú, irun apá mi dìde.
Mo pa á.
Ìmọ́lẹ̀ sá jọ sí àárín, ó di èékán,
bí fìtílà ọkọ̀ tó ti jìnnà sí èbúté.
Lọ́mọdé, ẹni tó bá rí i gbẹ̀yìn ló borí,
irọ́ ni Ceferino máa ń pa.

Ọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀.
Kùrukùru ti ń gòkè láti òkun.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ka àtẹ̀gùn,
mo ka ọgọ́rùn-ún ó lé méjì,
n kò rí iké rẹ̀ mọ́.