Apá Kan Nínú Fọ́tò

Ẹ wo fọ́tò náà dáadáa, ẹ má kánjú.
Ẹni tó ń fò sókè, tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu òbòkún,
òun ló gbá a wọlé; orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.
Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí àlùmọ́gàjí ti gé e,
ìgbọ̀nwọ́ kan wà níbẹ̀, àti ọwọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé.
Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Musẹ́díkù.
Apá rẹ̀ nìyẹn.

Ogún ọdún ó lé ni Màámi fi ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo,
bébà ìròyìn ló fi ń dì í fún oníbàárà.
Kò fi bébà yìí di nǹkan kan rí.
"Apá ọmọ mi ló wà níbẹ̀," ni ó máa ń wí,
"mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́."

Lórí iyanrìn ẹ̀yìn Máríìnà ló ti kọ́ ọ,
níbi tí bọ́ọ̀lù tó bá ṣìnà ti ń di ẹrù ọ̀sà.
Àwọn yòókù ń du iwájú;
òun dúró láàárín, ó ń wo ọrùn wọn,
ibi tí ọrùn bá kọjú sí kí ẹsẹ̀ tó gbéra.
Bàbá wa tó ń dẹ àwọ̀n ló ti sọ fún un:
"Má lé ẹja. Mọ ibi tó ń lọ, kí o dúró dè é."

Ọdún mọ́kànlá. Góòlù mẹ́rin.
Mo kà wọ́n; ọ̀kan tilẹ̀ kan ẹ̀yìn ẹlòmíràn kó tó wọlé.
Ìbàdàn, Kàdúná, lẹ́yìn náà ìlú òtútù kan
tí a kò lè pe orúkọ rẹ̀ láìfi itọ́ ṣòfò.
Ó kọ lẹ́tà: "Yìnyín bo pápá, bọ́ọ̀lù wa pupa bí ata.
Owó oṣù mẹ́ta kò tíì wọlé. Má sọ fún Màámi."
Mo sọ fún Màámi.
Ó fi gaàrí àti edé gbígbẹ ránṣẹ́.
Ọ̀gá tó mú un lọ, tó ń jẹ nínú owó rẹ̀,
ti pa fóònù.

Orúnkún ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì.
Òwúrọ̀ Túsìdeè kan, nígbà ìdánrawò,
kò sí ẹni tó fara kàn án;
ó kàn yí padà láti wo ẹni tí yóò gbé e fún,
orúnkún sì dún pẹ́ẹ́ bí ìṣẹ́pẹ́.
Wọ́n fún un ní òdòdó àti aago ọwọ́ kan.
Aago náà kò ṣiṣẹ́ dé Ẹ̀pẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe báyìí,
gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́, ìgbọ̀nwọ́ inú fọ́tò.
Aṣọ nọ́ńbà mẹ́jọ ló fi ń nu púlọ́ọ̀gì.
Mo bá a wí, ó rẹ́rìn-ín:
"Ṣé kí n fi kọ́ ògiri ni, kó máa wò mí?"

Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó fò sókè yẹn wá kí i.
Ó ti sanra, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kò lè gba kọ̀rọ̀ ilé wa.
Ó mú bébà Màámi lọ́wọ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.
"Musẹ́, ọjọ́ yẹn, ta ló tilẹ̀ fún mi ní bọ́ọ̀lù yẹn?"
Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ti gbàgbé.
Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó pẹ́ díẹ̀.
"Èmi náà ò rántí," ló wí,
ó sì sún ẹran tó tóbi jù sí ọ̀dọ̀ àlejò.
Èmi ni mo dìde, mo lọ sunkún nílé ìdáná.

Lánàá, àwọn ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù sínú ọ̀sà.
Wọ́n fẹ́ bẹ́ sómi. Ó ní kí wọ́n dúró.
Ó wo bí ojúoró ṣe ń sún, ó nàka sí etí omi kan
tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
"Ẹ lọ dúró síbẹ̀ yẹn."
Wọ́n lọ dúró. Mo bá wọn dúró.
Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀,
òun sì ti padà sídìí ẹ́ńjìnnì,
kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.